Ìrọ̀rí Mélòó Lẹ Fi Ń Sùn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Iṣẹ́ Dókítà Ọkàn

Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní kádíọ́lọ́jì, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn àti àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. N ó gbìyànjú kí n má sọ gbọ̀ngàn yìí di kíláàsì.

Ìbéèrè kan wà tí dókítà ọkàn kì í gbàgbé. Ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lápá mú. Lẹ́yìn ìkíni, dókítà á ní: "Mà, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn lálẹ́?" Ìyá á wo dókítà, á wo ọmọ rẹ̀. "Dókítà, ẹsẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu o, n ò wá ra ìrọ̀rí." Ọmọ ni yóò gbà á sọ: "Ẹyọ kan ni tẹ́lẹ̀, sà. Láti nǹkan bí oṣù méjì, ó ti di mẹ́ta. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á jókòó sórí àga mọ́jú."

Kí ọmọ yẹn tó sọ̀rọ̀ tán, dókítà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ọkàn bá ń ṣàárẹ̀, tí kò lágbára mọ́ láti ti gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ á máa wọ́ jọ sẹ́yìn títí dé ẹ̀dọ̀fóró, omi á sì máa jò sí ibi tó yẹ kó jẹ́ ti afẹ́fẹ́ nìkan. Lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ ni omi ń sọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí bàtà kì í fi gba ẹsẹ̀ ìyá mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Tó bá wá nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, omi tó ti sọ̀ sẹ́sẹ̀ látàárọ̀ á padà gòkè, á lọ bá èyí tó wà ní àyà. Ni aláìsàn á bá ta jí láàárín òru, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sáré lọ ṣí fèrèsé. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń sọ fún wa pé ọ̀tá ló ń fún àwọn lọ́rùn lójú oorun, wọ́n sì ti gun orí òkè àdúrà kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ọsibítù. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Ohun tí mo ti fojú rí ni pé oògùn tó ń múni tọ̀ máa ń lé ọ̀tá yẹn lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Mo ti ọ̀dọ̀ ìrọ̀rí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ wa kò ju ẹ̀rọ àti ọ̀bẹ lọ. Wọ́n á ní, "Dókítà ọkàn! Ẹ̀yin lẹ máa ń la àyà èèyàn." Rárá o. Ẹni tó ń la àyà ni oníṣẹ́ abẹ àyà àti ọkàn, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tó gbà kọ́ ọ náà yàtọ̀. Tiwa ni láti bi ni léèrè, láti fọwọ́ kàn, láti tẹ́tí, láti wọ̀n, láti kọ oògùn, àti láti mọ ìgbà tó yẹ ká gbé aláìsàn lé oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé lóde òní, àwọn kan nínú wa ń gba ọrùn ọwọ́ tàbí orí itan fi ọ̀pá tín-ínrín wọ inú ọkàn lọ. Àwọn kan gbájú mọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, àwọn kan mọ́ àwòrán rẹ̀, àwọn kan sì ń tọ́jú ọkàn ọmọdé tí wọ́n bí tòun ti àléébù. Ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde.

Ọ̀nà tó lọ sí ilé náà jìn díẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún 6 ni ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún kan ni ti ìkọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, ọdún kan ni ti àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà ni èèyàn yóò ṣe ìdánwò kó tó lè wọ residency, níbi tí yóò ti kọ́kọ́ mọ àìsàn àgbàlagbà lápapọ̀, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, àtọ̀gbẹ, kí wọ́n tó jẹ́ kó dojú kọ ọkàn nìkan. National Postgraduate Medical College of Nigeria àti West African College of Physicians ló ń fi oyè fẹ́lò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lá. Ọmọ tó wọ yunifásítì ní ọdún 18 lè ti lé ní ọdún 32 kó tó di kọnsọ́tàntì. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bínú pé dókítà yín ò tíì kọ́lé, ẹ ṣe sùúrù fún un.

Kí ni ohun tí a fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kọ́? Ẹran ara kan tí kò ju ìkúùkù ẹni tó ni ín lọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 300 gíráàmù. Ó ń lù tó ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ń lọ sí bíi ìgbà 100,000 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Tí ẹni tó ni ín bá tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ló ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti kárí ara, ó ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba atẹ́gùn. Apá òsì ń gba èyí tó ti gba atẹ́gùn, ó ń tì í lọ sí orí, sí kíndìnrín, sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn kéékèèké mẹ́rin, tí à ń pè ní fáàfù, ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Ìró ìpadé àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí ni à ń gbọ́ nígbà tí a bá ní ọkàn ń lù. Ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù ni pé ọkàn kì í dúró de àṣẹ ọpọlọ kó tó lù: iná mànàmáná tirẹ̀ wà lára rẹ̀, ní igun kan ní òkè yàrá ọ̀tún. Bí ẹ bá gé gbogbo iṣan tó so ó mọ́ ọpọlọ, yóò ṣì máa lù.

Ó pẹ́ kí ọmọ aráyé tó mọ èyí. Ibn al-Nafis, oníṣègùn ará Síríà tó ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje ààbọ̀ sẹ́yìn, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kó tó dé apá òsì, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò tàn kálẹ̀. Ní 1628 ni William Harvey, ará Íńgíláǹdì, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde, ó sì fi ìṣirò hàn pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí po. Ọgbọ́n tó lò rọrùn: ó ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde láàárín wákàtí kan, ó rí i pé ó ju ohun tí oúnjẹ lè sọ di ẹ̀jẹ̀ láàárín àkókò náà lọ fíìfíì. Kò sí bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ àfi kí ẹ̀jẹ̀ máa padà wá síbi tó ti lọ.

Ẹ̀rọ tí dókítà máa ń gbé kọ́ ọrùn ńkọ́? Ìtìjú ló bí i. Ní 1816, ní Paris, ọ̀dọ́bìnrin kan tó sanra wá sọ́dọ̀ dókítà René Laennec pẹ̀lú àpẹẹrẹ àrùn ọkàn. Nígbà náà, etí ni dókítà ń gbé lé àyà aláìsàn ní tààrà. Ojú ti Laennec láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin. Ó ká ìwé pọ̀ bí ọ̀pá, ó fi orí kan sí àyà ọmọbìnrin náà, ó fi etí sí orí kejì. Ó gbọ́ ọkàn náà ketekete ju bó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló fi igi gbẹ́ ẹ. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìyá wa ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìtìjú ọkùnrin yẹn láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá àyẹ̀wò, kí ẹ rí ohun tí ọwọ́ àti etí lè ṣe. Aláìsàn sùn, orí bẹ́ẹ̀dì ga díẹ̀, bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri láìjókòó tán. Dókítà dúró ní apá ọ̀tún rẹ̀. Ọrùn ló kọ́kọ́ wò: tí iṣan ẹ̀bá ọrùn bá yọ sókè, tó ń mì títí dé abẹ́ etí, ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ́ jọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí àyà òsì, á máa wá ibi tí ọkàn ti ń ta ọwọ́ rẹ̀. Lára ẹni tó gbádùn, ibẹ̀ kì í kọjá ìsàlẹ̀ ọmú òsì. Tó bá ti lọ sí apá abíyá, ọkàn yẹn ti tóbi. Ó wá kan sitẹtosikóòpù. Á gbé e sí ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní kánjú. Ó ń gbọ́ "lọ́ọ̀-dọ́ọ̀, lọ́ọ̀-dọ́ọ̀." Tí ó bá gbọ́ ìró bíi fífẹ́ láàárín méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí fáàfù kan máa jò. Tí ó bá gbọ́ ìró kẹta lẹ́yìn méjì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ àgbàlagbà, ọkàn ń wá ìrànlọ́wọ́. Ó tẹ ojúgun aláìsàn fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ìka kúrò: ihò dúró síbẹ̀. Omi nìyẹn. Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì sí iná NEPA nínú rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ dé lẹ́yìn. Willem Einthoven, ní Leiden ní ilẹ̀ Holland, ni baba ECG, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná ọkàn. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá tóbi débi pé yàrá ló ń gbà. Aláìsàn á ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kan bọ báákẹ́ẹ̀tì omi oníyọ̀ kí iná ọkàn lè rí ọ̀nà gbà jáde. Ẹ̀rọ náà kò ṣeé gbé lọ sí ọsibítù, ni wọ́n bá fa wáyà tẹlifóònù láti ọsibítù wá sí yàrá ìwádìí rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Àwòrán inú ọkàn tí a wá ń pè ní ẹ́kò dé ní 1953, nígbà tí Inge Edler àti Hellmuth Hertz ní Lund, ní Swídìn, yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ọkọ̀ ojú omi ti sán, tí wọ́n sì gbé e sí àyà èèyàn. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀, kò ní ìpalára; òun náà la fi ń wo ọmọ inú oyún.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ti Werner Forssmann, ará Jámánì. Ọmọ ọdún 25 ni ní 1929, dókítà kékeré ní ọsibítù ìlú Eberswalde. Ó gbà pé èèyàn lè ti ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín láti inú iṣan apá wọ inú ọkàn láìpa aláìsàn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ dán an wò, àní lára ara rẹ̀ pàápàá. Forssmann lọ tu nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn irinṣẹ́ lójú, títí obìnrin náà fi gbà láti yọ̀ǹda ara tirẹ̀. Ó ní kó sùn sórí tábìlì, ó so ó mọ́ ọn, ó ṣe bí ẹni ń múra apá rẹ̀ sílẹ̀. Àṣé apá ara rẹ̀ ló ti là. Kí obìnrin náà tó fura, ọ̀pá ti wọlé. Ó tú u sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá X-ray tòun ti ọ̀pá lápá. Lábẹ́ X-ray ló ti tì í dé inú ọkàn, ó sì ya àwòrán ẹ̀rí. Ìyìn kọ́ ló tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà iṣẹ́ kẹ́gàn rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ ọkàn sílẹ̀, ó di dókítà ìtọ̀ ní ìlú kékeré. Nígbà tí wọ́n ranṣẹ́ sí i ní 1956 pé òun pẹ̀lú André Cournand àti Dickinson Richards tó ń ṣiṣẹ́ ní New York ló gba Nobel, ọ̀pọ̀ aráàlú rẹ̀ kò mọ ohun tó ṣe. Ọ̀nà tó là yẹn ni Andreas Grüntzig gbà ní Zürich ní 1977 tó fi fẹ́ bàlúùnù kékeré nínú iṣan tó ń bọ́ ọkàn, tó sì la ibi tó ti dí. N kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ kankan nímọ̀ràn láti ṣe bíi Forssmann o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n fi stent, ìyẹn ọ̀pá onírin kékeré tó ń la iṣan ọkàn, sí lára láàárọ̀ tó jẹ ẹ̀kọ lálẹ́, apá ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ sọ púpọ̀ nípa iṣan tó ń dí, nítorí pé òun ló ń pa wọ́n jù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọsibítù UCH ṣí ní Ìbàdàn ní 1957, ohun tí àwọn dókítà ibẹ̀ bá lọ́dọ̀ aláìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ohun tó wà nínú ìwé. Wọ́n rí àwọn ọ̀dọ́ tí awọ inú ọkàn wọn ti le, tí kò lè na mọ́, àrùn tí J.N.P. Davies ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Ùgáńdà; Eldryd Parry àti D.G. Abrahams kọ ìwé pàtàkì lé e lórí láti Ìbàdàn ní 1965. Wọ́n rí àwọn ọmọdé tí ọ̀fun dùn, tí ẹnikẹ́ni ò kà á sí, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ogun tí ara ń bá kòkòrò ọ̀fun jà ti yíjú sí fáàfù ọkàn. Àrùn yẹn ṣì wà. Pẹnisílìn olówó pọ́ọ́kú lè dènà rẹ̀, ẹni tó bá sì ti ní in gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ọmọbìnrin tó ní in bá dàgbà tó lóyún ni ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń mọ̀, nígbà tí ọkàn ní láti ti ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì.

Ní Zaria lókè ọya, àwọn dókítà, tí Parry wà lára wọn, rí ohun mìíràn: ọ̀pọ̀ obìnrin Haúsá ló ń wú lẹ́yìn ìbímọ, tí ọkàn wọn ń ṣàárẹ̀. Àṣà ibẹ̀ ni kí ìyá ọmọ tuntun máa fi omi gbígbóná gidi wẹ̀, kó máa sùn lórí ibùsùn amọ̀ tí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, kó sì máa mu kùnú tí wọ́n fi káún sí lọ́pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Iyọ̀ ni káún. Iyọ̀ ń dá omi dúró lára. Ooru sì ń dá kún iṣẹ́ ọkàn. Àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí bí àṣà yìí ti jẹ̀bi tó, nítorí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe àwọn ìyá níbi tí kò sí káún. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn dókítà yẹn lọ sí ìdí ààrò, wọ́n bèèrè ohun tí aláìsàn ń jẹ àti ibi tó ń sùn.

Èyí tó wá borí gbogbo wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkugbé, ọmọ Oǹdó, tó ti ṣe gíwá yunifásítì Ìlọrin àti ti Ahmadu Bello, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wí fún wa pé àìsàn òyìnbó kọ́ ni. Ìwé rẹ̀ lórí ìfúnpá gíga lára ọmọ Áfíríkà jáde ní 1972, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rò pé ibà àti ìgbẹ́ gbuuru nìkan ni ìṣòro wa. Ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe lórí àwọn aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ti ṣàárẹ̀ fi hàn pé nǹkan bíi mẹ́rin nínú márùn-ún ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò pé 60. Ní Yúróòpù, irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lé ní 70. Àwọn tiwa ń dùbúlẹ̀ nígbà tí ọmọ wọn ṣì wà ní ilé ìwé.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ wo apá alábàárù ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn: ẹrù ojoojúmọ́ ló mú un ki. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan tó le ṣe ń ki lọ́dọọdún. Ìyàtọ̀ wọn ni pé alábàárù ń lọ sílé lálẹ́. Ọkàn tó ki kì í gba ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́ nítorí kò lè dẹ̀. Tó bá yá, ó á na, á tóbi, á sì rọ. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, kò sí ibi kankan tó ń dun ẹni náà. Ó ń lọ sóko, ó ń lọ sọ́jà, ó ń jó lóde àríyá. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti yí i lérò padà. Ẹ kọ oògùn fún un. Ó lo páálí kan, ó dáwọ́ dúró. Tí ẹ bá bi í, á ní: "Mo ti lo oògùn yẹn tán, dókítà. Ara mi ti yá." Bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ò fi ìgbà kankan ṣàìyá. Mo máa ń sọ fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n bá fi ṣàlàyé pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í "tán" wúlò ju ẹ́kò mẹ́ta lọ.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀jẹ̀ àwa dúdú ló rí bẹ́ẹ̀." Ìwádìí ńlá kan wà tó dá wọn lóhùn. Ní àwọn ọdún 1990, Richard Cooper, Charles Rotimi tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn ìfúnpá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ipa ọ̀nà tí òwò ẹrú gbà: láti Nàìjíríà, tí àgbègbè Ìgbó-Ọrà wà lára rẹ̀, àti Kamẹrúùnù, dé Jamaica, Barbados àti St Lucia, títí dé Maywood lẹ́bàá Chicago. Ẹ̀rọ kan náà, ọ̀nà ìwọ̀n kan náà. Nínú 100 àgbàlagbà, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni, orírun kan náà; ohun tó yí padà ni iyọ̀ inú oúnjẹ, ìsanra, ìjókòó sójú kan, àti irú ayé tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí Cooper tún wo àwọn òyìnbó, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ ní Jámánì ju láàárín àwọn dúdú Amẹ́ríkà lọ. Ohun tó ń kó mi láyà sókè ni pé nǹkan tó gba ọ̀pọ̀ ìran láti Ìgbó-Ọrà dé Maywood, ọmọ Ìgbó-Ọrà tó bá wá gbé ní Èkó lónìí, tó ń wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀, tó ń jẹ núdù tòun ti mági méjì, lè rìn ín láàárín ọdún mẹ́wàá.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ pé ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àjogúnbá, kò ní ipa kankan. Àbùdá kan wà tí a ń pè ní V142I, orírun rẹ̀ ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì wà lára nǹkan bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nínú 100 àwọn dúdú Amẹ́ríkà. Lára àwọn kan tó ní in, lẹ́yìn ọdún 60, èròjà kan á máa sun sínú ẹran ọkàn, á sì mú un le. Ọwọ́ tó ń kú tí kò sì yéé kú, ọdún mélòó kan ṣáájú, lè jẹ́ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá ní London tàbí Houston tí wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ki ṣùgbọ́n tí ìfúnpá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga, ẹ jẹ́ kí dókítà rẹ̀ gbọ́ nípa èyí. Oògùn ti wà fún un báyìí, ó kàn wọ́n ni.

Iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkàn ní Nàìjíríà, ní Ẹnúgú, láti ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńgíláǹdì. Lónìí, wọ́n ń ṣe é ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ àti ní àwọn ibòmíràn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń rán ọkàn létí láti lù náà wà ní àrọ́wọ́tó fún ẹni tó bá lówó rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú rẹ̀ sínú ara, Arne Larsson ní Swídìn ní 1958, pààrọ̀ rẹ̀ ju ìgbà 20 lọ, ó pẹ́ láyé ju oníṣẹ́ abẹ tó fi í sí i àti ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà lọ, àìsàn mìíràn ló sì pa á ní 2001. N kò kórìíra irú iṣẹ́ ìyanu bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni láti rí ẹbí tó ta ilẹ̀ láti gbé bàbá lọ sí Íńdíà, nígbà tó jẹ́ pé owó oògùn oṣooṣù tí bàbá yẹn kọ̀ láti rà fún ọdún mẹ́wàá kò tó owó ìwé ìrìnnà. Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ọsibítù kékeré ló wà tí ẹ̀rọ ìfúnpá wọn ti bàjẹ́, tí ẹnì kan ò sì bìkítà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni n ó fi jókòó. Bá a ṣe ń lò ó ti pẹ́: Riva-Rocci ní Ítálì ló ṣe èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá ní 1896, Korotkoff ní Rọ́ṣíà ló sì fi hàn ní 1905 pé tí a bá fi etí sí ìgbọ̀nwọ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, a ó gbọ́ ìgbà tí ìró bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dákẹ́. Ìwọ̀n òkè ni ti ìgbà tí ọkàn ń tì, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tó ń sinmi. Tí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ wá rí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ gbà ń wọ̀n ọ́n ní kẹ́mísítì ń jẹ́ kí ìwọ̀n náà purọ́. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí ọ̀kadà, wọ́n na apá rẹ̀ sókè, wọ́n wé e lórí apá aṣọ, ó ń sọ̀rọ̀ Arsenal. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọ̀kan kọjá ìkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú tábìlì àti ìwé. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ wọ agbádá, ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó dórí ìlà, nítorí ìlà á gùn. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, mo ṣì wà lórí ìdúró.